Ta Ni Yóò Sọ Pé Àpáta Ń Yọ̀?

Ọ̀rọ̀ méjì péré ni mo fi dá a lóhùn: "Ó dáa." Mo tún ronú pé ó kúrú jù, mo bá fi kún un pé, "Ẹ lọ jàre, ẹ máa gbádùn ẹ̀." Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì gbàgbé. Ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ọmọbìnrin tí mo fún lésì yẹn wà nílé ìwòsàn, wọ́n ń fi POP di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tó kán.

Kò sẹ́ni tó bá mi wí. Òun fúnra rẹ̀ ò bá mi wí. Bóyá ohun tó fà á nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà ò fi kúrò lọ́kàn mi. Ká ní wọ́n bú mi ni, mi ò bá ti gbèjà ara mi, kí n sì lọ sùn. Nígbà tí kò sẹ́ni tó bú mi, èmi ni mo di ẹni tó pẹjọ́, èmi ni wọ́n pè lẹ́jọ́, èmi náà ni adájọ́. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín, ẹ̀yin tó ń ka èyí, kí ẹ lè bá mi dá a. Mi ò ní fi nǹkan kan pamọ́, torí pé fífi nǹkan pamọ́ gan-an ni ẹjọ́ tí à ń rò.

Òkè Ìdànrè ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Orí òkè yẹn ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìlú tó wà nísàlẹ̀ báyìí, ní nǹkan bí ọdún 1923. Ààfin àtijọ́ ṣì wà lókè níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ àtijọ́ wà níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ náà wà níbẹ̀. Láti ọdún 2007 ni òkè náà ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà fi orúkọ wọn ránṣẹ́ sí UNESCO pé kí wọ́n gbé yẹ̀ wò. Bí ẹ bá fẹ́ gùn ún, àtẹ̀gùn ló máa kọ́kọ́ gbé yín lọ, ó lé ní 600. Àwọn tó fara balẹ̀ kà á máa ń pè é ní 667. Èmi ò kà á parí o. Ìgbà tí mo kà á dé 200 ni mo pa ìṣirò tì, èémí ni mò ń wá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀ tá a bá ń wo àwòrán òkè yẹn lórí fóònù ni pé àtẹ̀gùn kọ́ ni òkè. Tí àtẹ̀gùn bá parí, àpáta gidi ló kù, àpáta gbalasa tó tẹ́ síbí, tó dagun sọ́hùn-ún. Lórí àpáta yẹn, kò sí ohun tí ọwọ́ lè dì mú. Bàtà rẹ àti ojú ọjọ́ ni wọ́n máa bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹsàn-án ni àwa mẹ́rin gbéra láti Àkúrẹ́. A ti ní ká tètè jí, ṣùgbọ́n ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ wa ṣe máa ń rí: ẹnì kan ò tíì wẹ̀, ẹnì kan ń wá ṣájà. Ká tó dé ìsàlẹ̀ òkè, aago méjìlá ti kọjá. Bàbá kan tó máa ń mú àlejò gòkè ló tẹ̀ lé wa. Kó tó gbé ẹsẹ̀ rárá, ó yíjú sí apá ìlà oòrùn, ó wo ojú ọ̀run fún ìgbà díẹ̀, ó ní:

"Ẹ̀yin ọmọ mi, òjò tó ń ṣú bọ̀ lọ́hùn-ún yẹn, tó bá ká wa mọ́ òkè, sísọ̀ kalẹ̀ ló máa le, kì í ṣe gígòkè. Ẹ ò bá jẹ́ ká dúró wò ó ná, tàbí kẹ́ ẹ padà wá lọ́la láàárọ̀."

Ọ̀kan nínú wa rẹ́rìn-ín. Oòrùn ló sáà ń ràn lórí wa. Èmi náà yọ fóònù jáde, mo wo áàpù ojú ọjọ́, ó ya oòrùn pẹ̀lú ìkúùkù kékeré kan. Mo ní, "Bàbá, wọ́n ní òjò ò ní pọ̀ lónìí." Bàbá wo fóònù mi, ó wò mí. Kò bá mi jiyàn. Ó kàn ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Lílọ dùn. Mi ò ní parọ́ fún yín. A gòkè, a sinmi, a gòkè, a ya àwòrán. Nígbà tá a dé òkè tán, tí gbogbo ìlú wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, tí àwọn òkè mìíràn yí wa ká bí àwọn àgbà tó jókòó sípàdé, mo rò ó pé mi ò tíì rí ibi tó rẹwà tó báyìí. A wà nítòsí ààfin àtijọ́ nígbà tí atẹ́gùn tútù kan ṣàdédé fẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òjò dé. Àrá ń sán. A sá sábẹ́ ilé, a dúró fún ohun tó tó wákàtí kan. Bàbá jókòó jẹ́ẹ́, kò sọ pé "ṣé mo sọ fún yín."

Nígbà tá a ń bọ̀ nílẹ̀, àpáta tá a fi ẹ̀rín gùn ti di nǹkan míì. Ẹ mọ ohun aláwọ̀ ewé tó máa ń hù lára ògiri àti àpáta lásìkò òjò. Bó bá gbẹ, ẹ lè má mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Bí omi bá kàn án, ṣe ló máa ń yọ̀ bí ilá. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì kúrò nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí ni mo fi balẹ̀, mo sì ń yọ́ lọ, mo ń fi ọwọ́ wá ohun tí mo lè dì mú, kò sí. Bàbá ló fi ẹsẹ̀ rẹ̀ dá mi dúró. Ibi tí mo dúró sí ò jìnnà sí etí àpáta. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. A bọ́ bàtà, a fi ẹsẹ̀ lásán sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bàbá ń tọ́ka sí ibi tí ká tẹ̀ fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwòrán tí mo gbé sórí Instagram lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kí òjò tó dé ni mo yà á. Oòrùn wà níbẹ̀, ẹ̀rín wà níbẹ̀. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹni tí ò bá tíì débẹ̀ ò tíì rí nǹkan kan.

Àwòrán yìí ni àbúrò ọ̀rẹ́ mi kan rí. Ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàsán o. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ lọ síbi tẹ́ ẹ lọ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ọ̀nà ibẹ̀ ṣe rí?" Ẹ ti mọ ohun tí mo fi dá a lóhùn.

Bàtà kánfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ tán ló wọ̀ lọ. Òjò ti rọ̀ lóru kí wọ́n tó lọ. Oòrùn ràn láàárọ̀, wọ́n rò pé gbogbo nǹkan ti gbẹ. Àpáta tó wà ní òjìji ò tíì gbẹ. Ó ṣubú, ó fi ọwọ́ gbé ara rẹ̀, ọwọ́ sì kán.

Ẹjọ́ rèé.

Àwíjàre mi àkọ́kọ́ ni pé mi ò parọ́. Ọ̀nà yẹn dáa lóòótọ́. Àtẹ̀gùn rẹ̀ dúró ṣánṣán, ibi ìsinmi wà, gígòkè rẹ̀ dùn. Èwo ni irọ́ níbẹ̀?

Mo gbé àwíjàre yìí kiri fún ọjọ́ mélòó kan kí n tó rí ibi tó ti fọ́. Bí ẹnì kan bá bi mí pé ilé wo ni wọ́n kun ní funfun ládùúgbò wa, tí mo sọ ọ́, ìdáhùn mi máa wúlò lónìí, ó máa wúlò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀nà orí òkè ò rí bẹ́ẹ̀. Nílẹ̀ wa níbí, òjò máa ń ní orí méjì lọ́dún: ó máa ń le ní nǹkan bí oṣù kẹfà sí ìkeje, ó máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, á tún wá fi gbogbo agbára padà dé nínú oṣù kẹsàn-án. Ẹni tó bá gun òkè Ìdànrè nínú oṣù kìíní, nígbà ọyẹ́, eruku ló máa sọ̀rọ̀ rẹ̀. Á ní ètè òun bó, á ní kùrukùru ò jẹ́ kí òun rí òkèèrè, á ní ọ̀fun òun gbẹ. Ṣùgbọ́n àpáta á gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ mú dáadáa. Ẹni tó bá gùn ún nínú oṣù kẹsàn-án, àpáta kan náà lè gbé e ṣubú. Kódà nínú ọjọ́ kan ṣoṣo, ọ̀nà aago mẹ́jọ àárọ̀ kọ́ ni ọ̀nà aago mẹ́ta ọ̀sán. Oòrùn á mú ilẹ̀ gbóná láti àárọ̀, atẹ́gùn olómi á gòkè, á di ìkúùkù ńlá. Ìdí nìyẹn tí òjò alárá fi pọ̀ lọ́sàn-án títí di ìrọ̀lẹ́ ju àárọ̀ lọ. Àwọn ìjì òjò ńláńlá wa sì sábà máa ń ti ìlà oòrùn rìn wá sí ìwọ̀ oòrùn. Bàbá yẹn ò ṣàdédé wo apá ìlà oòrùn. Ó ń wo ibi tí àlejò máa gbà wọlé.

Torí náà, "ọ̀nà dáa" kì í ṣe odidi ọ̀rọ̀. Ìdajì ni. Ìdajì kejì ni "nígbà wo?" Òtítọ́ nípa ọ̀nà orí òkè dà bí ọbẹ̀ ewédú. Tòní lè dùn, tó bá dọ̀la tẹ́ ẹ ò gbé e kaná, ó ti kan. Mo gbé ọbẹ̀ ọjọ́ kẹjọ fún ọmọ ọlọ́mọ, mi ò sì sọ fún un pé kó gbóòórùn rẹ̀ kó tó jẹ ẹ́.

Ó sì tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé mo ṣubú. Èyí ò ní í ṣe pẹ̀lú pé ọ̀rọ̀ pẹ́ tàbí kò pẹ́. Mo mọ̀ ọ́n, mi ò sì sọ ọ́.

Àwíjàre kejì ni èyí tí ọ̀pọ̀ yín ti ń sọ lọ́kàn báyìí: àgbàlagbà ni ọmọbìnrin yẹn. Ó ní fóònù. Ó lè wo ojú ọjọ́ fúnra rẹ̀. Ó lè bi ẹlòmíràn. Ṣé èmi ni mo ní kó wọ bàtà tó ti jẹ?

Òtítọ́ wà nínú èyí, mi ò ní jiyàn. NiMet, àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ jáde, ó sì yẹ ká máa wò ó ká tó jáde. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí fóònù mọ̀ àti ohun tí kò mọ̀. Fóònù lè sọ̀rọ̀ ojú ọ̀run fún ẹ. Kò lè sọ̀rọ̀ ilẹ̀. Kò mọ̀ pé àpáta kan wà lẹ́yìn àtẹ̀gùn tí oòrùn kì í tètè dé. Kò mọ̀ pé ìgbà tí ojú ọ̀run ti mọ́ kedere, tí fóònù ti ya oòrùn, ni àpáta yẹn ṣì ń yọ̀ látàrí òjò àná. Ọ̀rọ̀ yìí rí bákan náà ní ìsun omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, tó ní ìpele méje. Ẹ lè wà nísàlẹ̀ tẹ́ ẹ̀ ń wẹ̀ nínú oòrùn, kí òjò máa rọ̀ lókè odò níbi tẹ́ ẹ ò rí, kí omi sì wá ya dé bá yín. Ẹni tó mọ ibẹ̀ máa rí i pé omi ti ń pọ́n, pé ewé àti igi wẹ́wẹ́ ti ń bá a bọ̀, pé ohùn rẹ̀ ti yí padà, á sì ní kí gbogbo ayé jáde. Ẹni tí ò mọ̀ á máa ya fídíò.

Ìmọ̀ tó kù yẹn, ìmọ̀ ilẹ̀, ẹsẹ̀ ẹni tó ti rìn ín nìkan ló wà. Ìdí nìyí tí ọmọbìnrin yẹn fi bi mí. Kò bi mí torí pé ó ya ọ̀lẹ. Ó bi mí torí pé ohun tó ń wá ò sí níbòmíì. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé ìmọ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ mi ò ti di gbèsè?

Ẹ ro ohun kan tí gbogbo wa ti rí. Ọkọ̀ akẹ́rù bàjẹ́ lójú títì. Kí ni awakọ̀ máa kọ́kọ́ ṣe? Á wọ igbó, á ṣẹ́ igi eléwé, á lọ tò ó sójú títì níwájú àti lẹ́yìn, síbi tó jìnnà díẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lè rí i kó sì dẹwọ́ eré. Kò mọ ẹni tó ń bọ̀. Kò lè mọ̀ ọ́n láé. Ó lè jẹ́ ọ̀tá rẹ̀ ni. Ó lè jẹ́ ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ní iná tó mọ́lẹ̀ ju ti gbogbo ayé lọ, tó sì mọ ọkọ̀ wà. Kò kàn án. Ohun tó mọ̀ ni pé ewu wà níbí, òun ló sì kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Bí kò bá to ewé yẹn, tí ẹnì kan wá ya lù ú lóru, ṣé ẹ máa gbà fún un bó bá ní, "Ṣebí onítọ̀hún náà ní iná lọ́kọ̀"? Òótọ́ ni pé ó ní iná. Ewé tìẹ ńkọ́?

Àwọn baba wa ti sọ ọ́ pé ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Àtìgbà tí mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni mo máa ń rò pé wọ́n ń bá wí: kó lajú, kó rí ẹni tó jìn. Ní báyìí, mo ti rí i pé iṣẹ́ wà lọ́rùn ẹni tó jìn pẹ̀lú. Bó bá dìde, tó gbọn eruku nù, tó tún aṣọ ṣe, tó ya àwòrán, tó ní ọ̀nà dáa, ọgbọ́n wo ló kọ́ni? Kòtò ṣì wà níbẹ̀. Òun nìkan ló mọ̀.

Kí ló wá dé tí mi ò fi sọ ọ́? Mo fara balẹ̀ wádìí ọkàn mi, mi ò sì fẹ́ràn ohun tí mo rí. Kì í ṣe ìgbàgbé. Ojú ló tì mí. Ẹni tó gun òkè tó sì ń rẹ́rìn-ín nínú oòrùn, èèyàn ni. Ẹni tó fi ìdí yọ́ lórí àpáta bí ọmọ ọdún méjì, tó bọ́ bàtà, tí bàbá arúgbó ń dì í lọ́wọ́ mú, ta ló fẹ́ fi ìyẹn hàn? Mo tọ́jú orúkọ mi, ọmọbìnrin yẹn sì fi ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sanwó rẹ̀.

Mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́. Ẹ wo àwọn àwòrán òkè àti odò tá a máa ń gbé síta. Ẹ bá mi wá ọ̀kan tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Níbí ni a ti padà torí òjò." Ó ṣọ̀wọ́n. Gbogbo wa ló ń dé òkè lórí fóònù. Kò sẹ́ni tó ń padà. Ẹni tó ń wò wá á wá rò pé bó ṣe rí nìyẹn, pé òun nìkan lẹ̀rù ń bà.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ bàbá wa, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti nira jù. Bàbá sọ òtítọ́ fún wa kó tó gbé ẹsẹ̀. Ẹ ò rí i pé òtítọ́ yẹn lè jẹ ẹ́ níyà? Àwọn tó bá mú gòkè ló ń fún un lówó. Bá a bá gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu, tá a padà sí Àkúrẹ́, ọjọ́ yẹn ti ṣòfò fún un nìyẹn. Ó sọ ọ́ síbẹ̀. Ìgbà tí mo fi fóònù já a ní koro ló tó dákẹ́. Mo ti bi ara mí pé kí ló dé tí kò fi tẹnu mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mélòó ni èèyàn fẹ́ fi oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ bá ọmọ tó ń fi fóònù hàn án jà?

Ọ̀rọ̀ yìí ò mọ sílé wa o. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kàrún-ún ọdún 1996, ìjì ká àwọn tó ń gun òkè Everest mọ́ òkè, èèyàn mẹ́jọ ló sì kú. Àwọn atọ́nà tó mọṣẹ́ dunjú wà lára àwọn tó kú náà. Àwọn oníbàárà wọn ti san owó gọbọi kí wọ́n lè dé orí òkè yẹn. Àwọn tó ń gun irú òkè bẹ́ẹ̀ máa ń dá aago kan tó jẹ́ pé bó bá ti lù, kí oníkálùkù yíjú padà, ì báà ku ìṣísẹ̀ díẹ̀ kó débẹ̀. Lọ́jọ́ náà, aago méjì ọ̀sán ti kọjá, àwọn kan ṣì ń gòkè. Mi ò sọ pé owó nìkan ló fà á. Ṣùgbọ́n ó rọrùn láti rí i: ẹni tó jẹ́ pé ìgbà tó o bá dé òkè lo máa tó yìn ín, ó máa nira fún un láti sọ fún ẹ pé kó o padà.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé òtítọ́ nípa ọ̀nà ní iye tó ń náni, ẹnì kan ló sì máa san án. Bí àwa tó ń gba ìmọ̀ràn ò bá fẹ́ san nǹkan kan nínú rẹ̀, a ò lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú bí wọ́n bá ń sọ ohun tó dùn mọ́ wa. Látìgbà yẹn, mo ti pinnu pé bí atọ́nà bá ní ká padà, màá fún un ní owó rẹ̀ pé, bí ẹni pé a dé òkè. Ìmọ̀ rẹ̀ ni mo rà. Kì í ṣe òkè.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé mò ń sọ pé ká máa dẹ́rù ba ara wa. Gbogbo wa la ní ìyá tàbí àǹtí tó jẹ́ pé bó o bá ní o fẹ́ lọ síbì kan, "má lọ" ni. Òjò á pa ẹ́, oòrùn á pa ẹ́, ejò wà níbẹ̀. Ìfẹ́ ló ń mú wọn sọ ọ́, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ké "ewu" lójoojúmọ́, ọjọ́ tí ewu bá dé gan-an, kò sẹ́ni tó máa gbọ́. "Má lọ" àti "Ẹ lọ jàre", ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Àwọn méjèèjì ò jẹ́ kí ẹni tó ń béèrè mọ nǹkan kan. Ọ̀kan ń fi ẹ̀rù bo ojú rẹ̀, èkejì ń fi ẹ̀rín bò ó.

Ohun tó wà láàárín wọn ni pé kó o sọ ohun tó o rí, ìgbà tó o rí i, àti ohun tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ nígbà tó o rí i. Sọ ibi tó ń yọ̀ gan-an, má kàn sọ pé "ẹ ṣọ́ra." Bó o bá mọ nǹkan kan nípa ojú ọjọ́, fi kún un: pé kí wọ́n tètè gòkè láàárọ̀, kí wọ́n sì ti sọ̀ kalẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Pé bí mànàmáná bá kọ, kí wọ́n máa kà á. Bí wọn ò bá tíì ka 30 tí àrá fi sán, ìjì náà ti sún mọ́ wọn jù, kí wọ́n kúrò ní gbangba àpáta, kí wọ́n má sì padà síbẹ̀ títí ààbọ̀ wákàtí á fi kọjá lẹ́yìn tí wọ́n gbọ́ àrá kẹ́yìn. Lẹ́yìn èyí, fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n pinnu. Òkè ò ní orúkọ ẹnì kankan lára.

Mo lọ kí ọmọbìnrin yẹn nílé wọn. Mo mú ọsàn dání, ọ̀rọ̀ sì wà lẹ́nu mi tí mo ti tò sílẹ̀ láti Àkúrẹ́. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó rí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo ẹni tó gun òkè." Mo jókòó. Mo sọ fún un pé èmi náà ṣubú. Mo sọ ibi tí mo ti ṣubú, mo sọ ọ̀rọ̀ bàbá, mo sọ pé àwòrán tó rí yẹn, kí òjò tó dé ni.

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Mo rò pé ó máa ní kò sí wàhálà, bí a ṣe máa ń sọ fún ara wa. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò bá ti sọ fún mi. Mi ò ní ṣàìlọ o. Bàtà míì ni mi ò bá wọ̀."

Kò sí ohun tí mo lè fi dá a lóhùn. Gbogbo àwíjàre mi, bàtà kan ṣoṣo ló wó o lulẹ̀. Mo ti ń rò ó pé bí mo bá sọ òtítọ́, mo máa ba ìrìn àjò rẹ̀ jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà ló ń béèrè lọ́wọ́ mi, kò ní kí n bá òun pinnu. Èmi ni mo pinnu fún un láìsọ fún un, nígbà tí mo mú lára ohun tó yẹ kó mọ̀ tí mo sì fi sápò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan tún bi mí, ẹni tí mi ò mọ̀ rí, ó rí àwòrán yẹn. Ó ní báwo ni ọ̀nà Ìdànrè. Mo kọ ọ́ fún un báyìí: "Ẹ ǹ lẹ́ o. Sátidé kan nínú oṣù kẹsàn-án ni mo lọ, ó ti pẹ́ díẹ̀, torí náà ẹ bi àwọn tó wà níbẹ̀ bó ṣe rí lọ́wọ́lọ́wọ́. Àtẹ̀gùn dáa. Àpáta tó wà lẹ́yìn àtẹ̀gùn máa ń yọ̀ bí òjò bá ti kàn án, kódà lọ́jọ́ kejì. Ẹ wọ bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì ní eyín. Ẹ tètè lọ láàárọ̀. Bí bàbá tó ń mú yín gòkè bá wo ojú ọ̀run tó ní kẹ́ ẹ dúró, ẹ dúró. Èmi ò dúró, mo sì ṣubú."

Ó pẹ́ kí n tó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni mo ń wò. Mo pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo tún un kọ.